Aisha Taymur: obìnrin tí ó padà sí ìdí ìwé

Nígbà tí a bá dárúkọ òǹkọ̀wé ńlá kan, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé orí rẹ̀ pé, tàbí pé Ọlọ́run ni ó fún un ní ẹ̀bùn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ẹ̀bùn tí kò rí àyè dà bí irúgbìn tí ó wà nínú àpò: kò kú, kò sì hù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí obìnrin ṣe ń di òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí ó fún un ní àyè, ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè jókòó, àti ẹni tí ó kọ́ ọ.

Ìgbésí ayé Aisha Taymur, obìnrin ilẹ̀ Íjíbítì, fi èyí hàn kedere. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ ní ayé òde òní tí wọ́n tẹ ìwé tiwọn jáde ní èdè Lárúbáwá. Ìlú Káírò ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1840, ó sì kú ní ọdún 1902. Láàárín ọdún méjìlélọ́gọ́ta náà, ó di akéwì ní èdè mẹ́ta, ó kọ ìtàn, ó sì bá àwọn ọkùnrin jiyàn ní gbangba lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún wà láàárín tí kò fi lè kọ́ ẹ̀kọ́ bí ó ti fẹ́. Ohun tí ó jẹ́ kí ó lè padà sí ìdí ìwé ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ ìwé kíkà ní àgbà mọ̀. Ó sì yẹ kí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Abẹ́rẹ́ àti kálàmù

Ilé ọlá ni wọ́n bí Aisha sí. Bàbá rẹ̀, Ismail Taymur, jẹ́ ìjòyè pàtàkì lábẹ́ àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso ilẹ̀ Íjíbítì nígbà náà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Circassia, nítòsí Òkun Dúdú. Ó ti jẹ́ ẹrú rí kí ó tó di òmìnira. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, èdè Tọ́kì ni èdè àwọn ìjòyè. Èdè Páṣíà ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi ń gbádùn ewì. Èdè Lárúbáwá sì ni èdè àwọn ará ìlú àti èdè Àlùkùráánì.

Ìyá Aisha fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti aṣọ híhun, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ń mọ ọmọbìnrin tí a tọ́ dáadáa nìyẹn. Ó kó irinṣẹ́ wá, ó sì jókòó ti ọmọ láti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ kò sí níbẹ̀. Aisha fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ kan, pé òun a máa sá lọ sí ìtòsí ibi tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń péjọ, kí òun lè gbọ́ ìró kálàmù lórí tákàdá. Ìró náà dùn ní etí rẹ̀ bí orin.

Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ. Ìyá ń bá a wí, ọmọ ń sunkún. Nígbà tí bàbá rí i bẹ́ẹ̀, ó pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Ó ní kí ìyá mú ọmọbìnrin kejì, kí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ bí ó ti wù ú. Ní ti Aisha, kí ó fi í sílẹ̀ fún kálàmù àti tákàdá. Ó wá olùkọ́ méjì fún un. Ọ̀kan ń kọ́ ọ ní Àlùkùráánì, ìwé kíkọ àti òfin ẹ̀sìn. Èkejì ń kọ́ ọ ní gírámà èdè Lárúbáwá àti èdè Páṣíà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàbá fúnra rẹ̀ a jókòó, a sì gbọ́ ohun tí ọmọ kọ́.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí òun mọ̀ pé ó ń bu iyì fún obìnrin ni ó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Kétu àti ní Sábẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọmọbìnrin wọn ní aró dídá, epo fífọ̀ àti ọjà títà pẹ̀lú ọkàn kan náà, ọ̀pọ̀ ilé sì dúró lórí iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí a rò pé abẹ́rẹ́ àti kálàmù kò lè gbé inú ilé kan náà. Bàbá Aisha rí i pé wọ́n lè gbé e. Ó fi ọ̀kan fún ọmọ kan, ó fi èkejì fún òmíràn, kò sì tàbùkù èyíkéyìí.

Ọ̀nà tí ó dí

Bí bàbá ti la ọ̀nà tó, ó ní ibi tí ó mọ. Kò jẹ́ kí ọmọ náà wọ àárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń jíròrò ìwé. Inú ilé ni Aisha ti gbọ́dọ̀ kọ́ gbogbo ohun tí yóò kọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó di òǹkọ̀wé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìhámọ́ náà dun òun, nítorí pé ó dí òun lọ́wọ́ láti gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù.

Ní ọdún 1854, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n fi í fún ọkọ. Láti ọjọ́ náà, ilé ni ó gba gbogbo àkókò rẹ̀. Ó bímọ, ó tọ́jú ọkọ, ó sì ń darí ilé ńlá. Kò sí ẹni tí ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí òfin kan tí ó ní kí ó má kà á mọ́. Iṣẹ́ ilé nìkan ni ó tó láti pa ìwé dé. Bí ìwé ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin nìyí: kì í ṣe pé ẹnìkan jà á gbà, ọwọ́ wọn ni ó kún fún nǹkan mìíràn.

Òótọ́ yìí kì í hàn sí ojú ẹni tí kò bá wò ó dáadáa. Bí wọ́n bá bi baálé kan léèrè bóyá ó kọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ lọ kọ́ ìwé, yóò búra pé òun kò kọ̀. Òótọ́ ni ó sì ń sọ. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó tún ní láti pọn omi, kí ó gún iyán, kí ó wẹ ọmọ, kí ó sì fọ àwo, kíláàsì yóò ti tú kí ó tó jókòó. Ẹnu ti gbà fún un, ilé kò tíì gbà.

Ẹni tí ó gba kọ́kọ́rọ́

Ohun tí ó ṣí ọ̀nà padà fún Aisha ni ọmọbìnrin rẹ̀, Tawhida. Nígbà tí ọmọ náà tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtọ́jú ilé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ìyá ṣí díẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ àti ikú ọkọ rẹ̀, Aisha di ẹni tí ó ń pàṣẹ fún ara rẹ̀. Ó wá àwọn olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ obìnrin láti kọ́ ọ ní gírámà àti òfin ìwọ̀n ewì. Orúkọ méjì nínú wọn ṣì wà nínú ìtàn: Fatima al-Azhariyya àti Sitita al-Tablawiyya.

Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí orúkọ méjèèjì yìí. Ayé mọ Aisha. Díẹ̀ ni wọ́n mọ àwọn tí wọ́n kọ́ ọ. Ó hàn gbangba pé àwọn obìnrin wà ní Káírò nígbà náà tí wọ́n mọ gírámà débi pé wọ́n lè fi kọ́ ẹlòmíràn, àní bí wọn kò tilẹ̀ tẹ ìwé kankan jáde. Aṣáájú kì í dá rìn. Bí ó bá yíjú padà, yóò rí àwọn tí wọ́n ti ń tẹ ojú ọ̀nà náà mọ́lẹ̀ kí òun tó dé.

Ìyá ọlọ́mọ ni Aisha nígbà tí ó tún jókòó síwájú olùkọ́. Kò tijú láti tún di akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn Yorùbá ní, bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Àgbàlagbà tí ó ń kọ́ lẹ́tà lónìí, tí kálàmù wúwo ní ọwọ́ rẹ̀ ju ọkọ́ lọ, wà ní ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí èdè Páṣíà àti èdè Tọ́kì tí ó gbọ́, wọ́n pè é sí ààfin láti ṣe ògbifọ̀ nígbà tí àwọn obìnrin ọlọ́lá láti ilẹ̀ Páṣíà wá kí ìyá alákòóso ilẹ̀ Íjíbítì. Ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìhámọ́ ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Ọ̀fọ̀ ńlá

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Tawhida ṣàìsàn, ó sì kú ní ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọmọ tí ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé kí ìyá lè kàwé ni ikú mú lọ. Fún nǹkan bí ọdún méje ni Aisha fi ṣọ̀fọ̀. Ó sunkún títí ojú fi ń dùn ún, tí kò sì ríran dáadáa mọ́. Ewì tí ó kọ láti dárò ọmọ náà wà lára èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọkùnrin rẹ̀, Mahmud, àti àwọn ẹbí ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ó tó. Díẹ̀díẹ̀, ojú náà sàn. Mahmud rọ̀ ọ́ pé kí ó kó ewì rẹ̀ jọ, kí wọ́n má baà sọnù. Ó gbà. Bí a bá ka ewì rẹ̀ lónìí, a gbọ́dọ̀ rántí pé ọmọ méjì ni wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: ọ̀kan dá iṣẹ́ ilé dúró kí ó lè kọ ọ́, èkejì rí i pé kò ṣègbé.

Ìwé tí ó fi sílẹ̀

Àkójọ ewì rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni àkójọ mìíràn ní èdè Tọ́kì àti èdè Páṣíà. Ní nǹkan bí ọdún 1887, ó tẹ ìwé ìtàn kan jáde. Ìtàn ọba kan àti ọmọ rẹ̀ ni, pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́tàn inú ààfin tí wọ́n fẹ́ ṣi ọmọ ọba lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ìwé náà ń dún tẹ̀ lé ara wọn bí ewì, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà òǹkọ̀wé Lárúbáwá ti máa ń ṣe. Inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà ni ó ti sọ ìtàn abẹ́rẹ́ àti kálàmù. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta nígbà náà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un lọ sí ilé ọkọ.

Ó tún kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ ni pé ìdílé kò lè dára bí a kò bá kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti gbọ́ lónìí. Ní ìgbà tirẹ̀, kò rọrùn rárá. Ọdún 1873 ni ilẹ̀ Íjíbítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba ṣí fún àwọn ọmọbìnrin, lábẹ́ àbójútó ọ̀kan nínú àwọn aya Khedive Ismail. Aisha ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣí ìlẹ̀kùn.

Ní nǹkan bí ọdún 1892, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní dígí tí a fi ń ronú lórí ọ̀rọ̀ ayé. Nínú rẹ̀ ni ó ti dojú kọ àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fẹ́ obìnrin nítorí owó rẹ̀, tí wọ́n sì ń ná owó náà nínú fàájì. Inú Àlùkùráánì ni ó ti mú àlàyé rẹ̀. Ó ní àṣẹ tí ọkọ ní nínú ilé so mọ́ ojúṣe rẹ̀ láti bọ́ ilé àti láti tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ojúṣe jù sílẹ̀ kò lè di àṣẹ nìkan mú. Ọ̀rọ̀ náà gún àwọn kan lára. Onímọ̀ ẹ̀sìn kan kọ ìwé odindi láti fi dá a lóhùn.

Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn bí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Íjíbítì, orúkọ tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá ni ti ọkùnrin kan, Qasim Amin, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1899. Ìwé náà ṣe pàtàkì, ó sì dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú rẹ̀ ni Aisha ti gbé dígí tirẹ̀ síwájú àwọn ọkùnrin. Kò dára kí wọ́n fi orí àwo fún ẹni tí ó dé kẹ́yìn, kí ẹni tí ó se ọbẹ̀ má rí nǹkankan.

Àwọn tí wọ́n lè takò ó

Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ olówó ni Aisha, àti pé ìtàn rẹ̀ kò kan ẹni tí ó ń ta gaàrí ní ọjà Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Aisha ní bàbá tí ó lè sanwó olùkọ́ méjì. Ó ní ilé tí kò fi ebi sùn. Ọ̀pọ̀ obìnrin Íjíbítì tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní oko ní etí odò Náílì, wọn kò sì mọ ojú lẹ́tà kan. Ẹni tí ó bá pa èyí mọ́ kò sọ ìtàn náà tán.

Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí owó ṣe àti ohun tí kò ṣe. Owó ra tákàdá, ó sì san owó olùkọ́. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, owó kò dín. Síbẹ̀, Aisha kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ bí ó ti fẹ́. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣí ni ó padà. Bí obìnrin olówó bá nílò kí ẹnìkan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun kí ó tó lè kàwé, mélòó mélòó ni obìnrin tí kò ní ọmọ ọ̀dọ̀, tí ó ń pọn omi fúnra rẹ̀, tí ó sì ń jí kí àkùkọ tó kọ?

Ní apá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú, ẹnìkan ti fi hàn pé ẹ̀kọ́ lè jáde kúrò nínú ilé ọlá. Nana Asma'u, ọmọ Usman dan Fodio ti Ṣókótó, gbé ayé láti ọdún 1793 sí ọdún 1864. Ó kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá, èdè Fúlàní àti èdè Haúsá. Ó kọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n lè kọ́ ẹlòmíràn, ó sì ń rán wọn lọ sí àwọn abúlé kí ẹ̀kọ́ lè bá àwọn obìnrin oko nílé wọn. Kò dúró de obìnrin kí ó wá sí ààfin. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn kò ṣí.

Ẹlòmíràn lè sọ pé bí obìnrin bá mọ̀wé, yóò gbàgbé ẹ̀sìn àti ìwà. Aisha dáhùn èyí nínú ewì àti nínú ìṣe. Ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ewì pé híjáàbù kò dí òun lọ́wọ́ láti ní ìmọ̀. Àwọn Mùsùlùmí gbà pé àṣẹ láti kà ni ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ fún Ànábì. Àṣẹ náà kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tí ó ti gbé wàláà lé orí itan, tí ó sì ti fi tàdáà kọ lẹ́tà sórí rẹ̀ ní ilé kéwú, ti fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Kò sí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí ó dúró ní àárín ọ̀nà.

Ohun tí ìtàn náà kò gbọdọ̀ kọ́ni

Ibì kan wà nínú ìgbésí ayé Aisha tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àwòkọ́ṣe. Iṣẹ́ tí ó kúrò ní ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá. Ní ilé olówó, tí ìránṣẹ́ pọ̀, iṣẹ́ náà jẹ́ àṣẹ pípa ju ẹrù rírù lọ. Ní ilé tálákà, bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ni yóò pọn omi, tí yóò sì pọn àbúrò sẹ́yìn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ìyá yóò mọ lẹ́tà, ọmọ yóò pàdánù rẹ̀. Èrè wo ni ó wà nínú kí a gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó ń dàgbà láti fi fún ẹni tí ó ti dàgbà?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí pe gbogbo ọwọ́ tí ó wà nínú ilé. Kò sọ pé ọwọ́ obìnrin nìkan ni. Ọmọkùnrin tí ó lè gbá bọ́ọ̀lù láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú lè pọn omi. Bàbá tí ó lè jókòó ti ayò lè gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ilé kan bá pín iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò sí ẹni tí yóò rù ú títí ọrùn yóò fi dùn ún, ìyá yóò sì dé kíláàsì kí olùkọ́ tó nu pátákó.

Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e

Ohun tí ilé kan fi fún obìnrin kan kì í parí sí ara rẹ̀. Aisha ní àbúrò kan tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá, Ahmad Taymur, tí wọ́n bí ní ọdún 1871. Bàbá wọn kú nígbà tí ọmọ náà kéré gan-an, Aisha sì wà lára àwọn tí wọ́n tọ́ ọ. Ahmad di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá èdè Lárúbáwá, ó sì kó ìwé jọ débi pé ilé ìkàwé rẹ̀ di olókìkí. Àwọn ọmọ Ahmad, Muhammad àti Mahmud Taymur, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìtàn kúkúrú ti òde òní ní èdè Lárúbáwá. Ọmọbìnrin tí ó sunkún nítorí kálàmù wá di ìyá àgbà fún ìdílé òǹkọ̀wé.

Àwọn obìnrin mìíràn náà kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, Zaynab Fawwaz, ọmọ ilẹ̀ Lẹ́bánónì tí ó ń gbé ní Íjíbítì, kọ ìwé ńlá kan lórí ìgbésí ayé àwọn obìnrin olókìkí, ó sì fi Aisha sínú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Ní ọdún 1892, Hind Nawfal dá ìwé ìròyìn àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ikú Aisha, May Ziadeh, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Násárẹ́tì ní ọdún 1886, kọ ìwé odindi lórí rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa Aisha lónìí, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ó ti wá. Bí wọn kò bá mọ̀wé, ta ni ìbá kọ ọ́?

Ìbéèrè yìí kan àwọn ìlú tí wọ́n ń sọ Yorùbá ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n mọ oríkì ìdílé, ewé tí ó ń wo ibà, ìtàn bí ìlú ṣe tẹ̀dó, àti orúkọ àwọn tí wọ́n ti kú. Orí wọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, ohun tí kò bá sí lórí tákàdá máa ń bá a lọ. Obìnrin tí ó ti mọ lẹ́tà lónìí lè kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀. Kò di dandan kí ó jẹ́ ewì. Oríkì bàbá rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀kọ, iye tí àgbàdo jẹ́ ní ọdún ìyàn: èyíkéyìí nínú wọn tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ojúṣe ilé

Àwọn tí wọ́n ń ṣètò kíláàsì àgbà ní iṣẹ́ tiwọn láti ṣe. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin wákàtí tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn kí wọ́n tó fi ago lélẹ̀. Kí wọ́n má fi kíláàsì sí ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n wá olùkọ́ tí ó jẹ́ obìnrin níbi tí ó bá ṣeé ṣe, gẹ́gẹ́ bí Aisha ti ṣe, nítorí pé ẹnu ọ̀pọ̀ máa ń yọ síwájú ẹlẹgbẹ́ wọn ju síwájú àjèjì lọ. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tí ó gbé ọmọ wá gbé e jókòó láìsí ẹni tí yóò wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù wà ní inú ilé. Kò sí ìjọba tí ó lè wá fọ àwo ní àgbàlá ẹnikẹ́ni kí ìyá ilé lè lọ kàwé. Àwọn tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo náà ni wọ́n lè fọ̀ ọ́. Ní Káírò, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ nínú àwọn obìnrin Lárúbáwá ti òde òní dúró ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ rẹ̀ tó ṣí. Bí ẹnìkan bá ti dìde nílé láti gba igbá omi lọ́wọ́ obìnrin tí ó ní ìwé nínú àpò, kò ní dúró tó bẹ́ẹ̀. Kí ó gbà á ní ìrọ̀lẹ́ òní, nítorí pé ago méje ni kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀.